Kajú Yíyan Kì í Ṣe Èèwọ̀ Ilé Wa

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ìsinmi o. Èmi ọmọ yín àgbà ni mo ń kọ̀wé yìí, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi ń kọ ọ́. Ẹnikẹ́ni kò bá mi di bírò mú. Bí ẹ bá rí i pé ìlà kan gòkè tí òmíràn sì sọ̀ kalẹ̀, ẹ má bínú, ọwọ́ mi ni kò tíì mọ ọ̀nà dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àwọn tí wọ́n dé fún yín, àti àwọn tí wọ́n ti lọ sílé ọkọ. Ọmọ mi ọkùnrin tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Adégbàyí tún bímọ, ọkùnrin ni, orúkọ yín ni ó sì sọ ọ́. Ọmọ náà gbé etí yín wá sáyé, etí tó máa ń nà síwájú bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọn kò bá a sọ. Àbúrò mi Láoyè, tí ó ń gbé inú ilé yín ní Ìrókò, ti di bàbá àgbà. Ìbejì ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin bí, obìnrin ni àwọn méjèèjì, wọ́n sì ń ké bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Rónkẹ́, ọmọ ọmọ mi tí ẹ máa ń gbé sí èjìká, ti lọ́kọ. Alákìá ni ó ń gbé, ó sì ti lóyún. Bísí, àbíkẹ́yìn Láoyè, náà ti ṣègbéyàwó. Ará Mọ́níyà ni ọkọ rẹ̀, ọ̀kadà ni ó ń tún ṣe, ó mọ àgbà í kí, kò sì fi owó ṣe fùkẹ̀.

Níbi ìgbéyàwó Bísí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ tí ó mú mi kọ̀wé sí yín ti ṣẹ̀. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí a fa ọmọ lé àwọn àna lọ́wọ́, Láoyè dìde, ó tún agbádá rẹ̀ gbé sí èjìká, ó ní òun fẹ́ kí àwọn àna mọ ohun tí ọmọ òun kì í ṣe. Ó ní ọmọ wa kì í jẹ òkété. Mo mi orí, nítorí ìyẹn wà bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ bàbá yín ni ẹ ti gbà á. Ó wá fi ohùn kan náà sọ pé ọmọ wa kì í yan kajú, kì í sì í jẹ kajú yíyan, pé ẹnikẹ́ni nínú ìdílé wa tí ó bá dán an wò, ojú rẹ̀ á fọ́.

Orí tí mo ń mì dúró.

Ìyá ọkọ ní, “Háà! Àwa tí à ń tà á nínú ìgò lójú títì ńkọ́? Ṣé kí ìyàwó wa máa fi imú sá fún wa nínú ilé ni?”

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Láoyè kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìyá, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́. Èèwọ̀ ilé wa ni.” Obìnrin náà bá kúnlẹ̀ pé àwọn ti gbọ́. Mo wo Bísí. Ó ti di ẹni tí yóò máa gbé ilé ọkọ rẹ̀ bí àlejò ní gbogbo àsìkò kajú, nítorí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Nínú gbogbo wa tí a jókòó síbẹ̀, èmi nìkan ni mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ ba àríyá ọmọ jẹ́, mo dákẹ́.

Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí ó di èèwọ̀? Ṣé ohun tí ẹ ní lọ́kàn nìyẹn?

Kò pẹ́ sí ìgbà náà, olùkọ́ wa ní kíláàsì àgbà tí mo ń lọ lọ́sàn-án ní kí oníkálukú mú ohun méjì tí ó mọ̀ dunjú, kí ó kọ̀wé fi ọ̀kan wé èkejì. Ìyá tí ó máa ń jókòó tì mí ní òun mú ọkọ òun àkọ́kọ́ àti ọkọ òun kejì. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òrùlé lọ. Èmi ní mo mú kajú tútù àti kajú yíyan. Mi ò mọ bí ó ṣe bọ́ lẹ́nu mi, bóyá nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò láyà mi. Olùkọ́ wa, ọmọdébìnrin tó mọ̀wàá hù, ní, “Màmá, ó dáa o, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òwe dí i lójú lọ́tẹ̀ yìí. Ohun tí ẹ fi ojú rí àti èyí tí ẹ fi ẹnu tọ́ wò ni kí ẹ kọ.” Ẹ mọ̀ mí, Bàbá, òwe ni mo fi ń mí. Mo gbà fún un ṣá. Ìdí tí ẹ kò fi rí ọ̀kan nínú ìwé yìí náà nìyẹn. Mo ti fi ọwọ́ di ẹnu ara mi.

Ti tútù kò ni mí lára láti kọ. Mo kọ ọ́ pé kajú tútù, bí ó ṣe bọ́ lára èso rẹ̀, kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ẹnu kàn. Èèpo rẹ̀ ní oje kan tó máa ń jó ètè bí iná. Bí ó bá kan ọwọ́, ọwọ́ á bó. Ẹni tí ó bá sì fi ọwọ́ náà nu ojú, ó ti wá ìjàngbọ̀n sí ilé. Ó le, ó dúdú bí òkúta etí odò, ó sì lè wà nínú àpò títí di ọdún tó ń bọ̀ láìfi ohun tó wà nínú rẹ̀ han ẹnikẹ́ni.

Rónkẹ́ wá kí mi ní ọjọ́ tí mo ń kọ ọ́, ó gbé náílọ́nù kan lọ́wọ́. Kajú funfun ni ó wà nínú rẹ̀, wọ́n ti bó o, ó mọ́ tónítóní.

Ó ní, “Màmá àgbà, èyí ni kí ẹ kọ. Tútù ni. Òun ló dára fún ara, iná ò kàn án.”

Mo ní, “Ta ló fi eyín ya èèpo rẹ̀, tí iná ò kàn án?”

“Wọ́n kọ ọ́ sára náílọ́nù.”

“Mo rí i. Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ọ́n kà ni?”

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó gbá mi mọ́ra. A dà á sínú àwo, a jọ jẹ ẹ́. Mo gbà pé wọ́n ti fi omi gbígbóná tàbí oru rẹ̀ rọ èèpo náà kí wọ́n tó fọ́ ọ, ṣùgbọ́n n kò bá a jiyàn títí. Kajú funfun yẹn rọ̀. Kì í ké lẹ́nu. Bí ẹ bá jẹ ẹ́, ẹ ó kọ́kọ́ rò pé kò ní adùn kankan, àfi bí ẹ bá ń rún un lọ, adùn kan á rọra máa yọ bí wàrà. Rónkẹ́ ti bi nọ́ọ̀sì tí ń tọ́jú àwọn aláboyún léèrè nípa rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí ó jẹ èyí tó bá wù ú nínú méjèèjì, kí ó ṣáà má jẹ́ kí iyọ̀ pọ̀ jù.

Nígbà tí ó kan yíyan, bírò mi dúró. Kí ni mo fẹ́ kọ? Ìgbà tí mo ti jẹ kajú yíyan kẹ́yìn, eyín ọmọdé ni mo fi jẹ ẹ́. Láti ọjọ́ tí ẹ ti ní ẹ kò fẹ́ ẹ mọ́, mi ò fi kan ẹnu, kódà nígbà tí mo wà nílé ọkọ, kódà lẹ́yìn tí ẹ ti lọ. Mo bu ọlá fún ọ̀rọ̀ yín ni. Apá kan ìwé mi kún, apá kejì funfun báláú.

Rónkẹ́ ní, “Ẹ jẹ́ kí n sáré ra ti inú ìgò fún yín ní gbàgede.”

Mo ní rárá. Mo ní bí mo bá máa jẹ ẹ́, ilé bàbá mi ni n ó ti jẹ ẹ́, ní gbangba, lójú gbogbo wọn.

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ọjọ́ náà bí mo ṣe rí i, kí ẹ lè mọ̀ pé mi ò gbàgbé. Ìyá mi máa ń yan kajú lẹ́yìn ilé, ní ìta gbangba, nínú agbada irin àtijọ́ tí ìdí rẹ̀ ti lu. Lọ́jọ́ náà, òjò àkọ́rọ̀ ṣú. Wọn kò fẹ́ kí kajú tí wọ́n ti sá gbẹ tún tutù, wọ́n bá gbé ààrò wọ inú ilé ìdáná, abẹ́ páànù tó rẹlẹ̀ yẹn. Láoyè wà lẹ́yìn wọn, ó ń sùn. Nígbà tí oje kajú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, iná gbá a mú. Ní ìta, iná yẹn kì í ṣe nǹkan kan, yóò jó lọ sókè, ẹ ó sì dúró jìnnà sí i. Nínú ilé, kò rí ibi tí yóò lọ. Oje ta sí wọn lápá àti lójú, èéfín sì dí ẹnu ọ̀nà pa. Bí wọ́n ṣe sáré jáde nìyẹn, ọwọ́ méjèèjì lójú, Láoyè ń ké lẹ́yìn wọn.

Oko ni ẹ ti ń bọ̀. Ẹ ju ọkọ́ sílẹ̀. Ẹ ta agbada náà nípàá sínú òjò. Ẹ gbé Ìyá mi sórí kẹ̀kẹ́, ẹ ń fi ẹsẹ̀ lásán tì í lọ sí ilé ìwòsàn nínú ẹrẹ̀. Nígbà tí ẹ padà dé, ẹ dúró láàárín ilé, omi ń kán lára yín, ẹ ní, “Láti òní lọ, mi ò fẹ́ gbúròó kajú yíyan nínú ilé yìí mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má dán an wò.”

Gbogbo ohun tí ẹ sọ nìyẹn. Ẹ kò mẹ́nu kan ojú fífọ́. Ẹ kò dárúkọ ọmọ tàbí ọmọ ọmọ. Mo wà lẹ́bàá ìkòkò omi, mo sì gbọ́ ohùn yín dáadáa. Ẹ̀rù ni mo gbọ́ nínú rẹ̀. Ẹ̀rù ọkọ tó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ ni. N kò gbọ́ èpè.

Ojú Ìyá mi sì sàn. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kì í rántí ìyẹn? Àpá náà wà lápá wọn títí, ṣùgbọ́n títí wọ́n fi darúgbó, àwọn ni à ń gbé abẹ́rẹ́ fún kí wọ́n bá wa fi òwú bọ̀ ọ́.

Mo rántí ìgbà kan tí a jọ wọ mọ́tò lọ sí Mọ́níyà. Àwọn obìnrin tó ń ta kajú inú ìgò sáré wá sí ojú fèrèsé wa, ẹ yí ojú yín sí òdìkejì kíá. Mo rò nígbà náà pé ẹ kórìíra rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo wo ọrùn yín, mo rí gògóńgò yín tó ń lọ sókè, tó ń bọ̀ wálẹ̀. Ó ń wù yín jẹ. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ó ń wù yín jẹ, ẹ sì fi ń du ara yín nítorí Ìyá mi. Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún ẹnì kan? Ṣé ẹ ń dúró kí Ìyá mi fi ẹnu ara wọn sọ pé ó tó ni? Ṣé àwọn náà ń dúró de yín?

Lẹ́yìn tí ẹ lọ tán ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà. Ọmọ kékeré kan nínú ilé fi eyín fọ́ kajú tútù, ẹnu rẹ̀ wú, ètè rẹ̀ bó. Wọ́n ní èèwọ̀ ló jà. Ẹ wò ó, Bàbá! Tútù ló ṣẹ̀, yíyan ni wọ́n dá lẹ́jọ́. Nígbà tó yá, wọ́n fi ojú fífọ́ kún un nítorí ti Ìyá mi. Ibẹ̀ ni ó ti bá òkété jókòó lórí ẹní kan náà, tí wọ́n fi ń ka àwọn méjèèjì pọ̀ fún àna.

Bóyá n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí n lọ ṣàlàyé fún ìyá ọkọ Bísí ní kọ̀rọ̀, kí ó tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Láoyè pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí. Ó ní kajú ọdún yìí kò tà. Àwọn tó máa ń gbé ọkọ̀ wá ra tútù wá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fi ọwọ́ rú u, wọ́n dá owó tí kò tó owó ẹni tó ṣà á, wọ́n sì lọ. Àwọn àpò tó kù ń bẹ ní yàrá yín. Ó ní òun ti rí ẹnì kan tó ń sun èédú, pé kí ó wá gé gbogbo igi kajú náà, kí òun gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀.

Àwọn igi yín, Bàbá. Èyí tí ẹ gbìn, tí ẹ ń pọn omi fún nígbà tí wọ́n kéré, tí ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ọgbà yí ká nítorí ewúrẹ́.

Mo ní, “Láoyè, kí ló dé tí ẹ kò yan án, kí ìyàwó rẹ gbé e lọ sójú títì?”

“Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀gbọ́n mi! Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń sọ̀rọ̀ yìí? Ṣé ẹ fẹ́ kí ojú fọ́ nínú ilé mi ni?”

“Ta ló sọ fún ẹ pé ojú á fọ́?”

“Bàbá ni.”

“O gbọ́ ọ lẹ́nu Bàbá?”

Ó ní, “Gbogbo ilé ló mọ̀.”

“Gbogbo ilé wo? Ẹ̀yìn ìyá rẹ lo wà lọ́jọ́ náà, ọmú lò ń ké fún. Èmi ni mo wà níbẹ̀.”

Inú bí i. Ó ní, “Ó dáa. Tí ó bá dá yín lójú tó bẹ́ẹ̀, ẹ wá yan án fúnra yín. Kì í ṣe kí ẹ jókòó sí Adégbàyí kí ẹ máa fi ojú ọmọ ọlọ́mọ dánwò.”

Mo ní, “Mò ń bọ̀.”

Bàbá, ẹ̀yin nìkan ni mo lè sọ èyí fún. Lẹ́yìn tí mo gbé fóònù sílẹ̀, ẹ̀rù bà mí. Mo mọ̀ pé kì í ṣe èèwọ̀, ṣùgbọ́n iná ni iná, oje kajú sì ni oje kajú. Ojú yìí, mo ti lò ó tipẹ́, kò sì já mọ́ nǹkan bàbàrà lójú mi tẹ́lẹ̀: mo fi ń wo ọ̀nà, mo fi ń wo iṣu tó jẹrà. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni mo wá mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Mo lè ka orúkọ àdúgbò lára mọ́tò báyìí. Mo lè ka orin nínú ìwé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì láìdúró de ẹni tó wà níwájú mi. Bí ó bá fọ́ báyìí, kí ni n ó tún fi àjẹkù ayé mi ṣe? Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ara mi, mo sì di ẹrù mi. Rónkẹ́ fẹ́ tẹ̀lé mi, mo ní kí ó jókòó, èéfín kajú kò yẹ aláboyún.

Nígbà tí mo dé Ìrókò, mi ò jókòó pẹ́. Mo ní kí wọ́n bá mi gbé ààrò sí ìta gbangba, níbi tí kò sí òrùlé, tí kò sí igi. Mo bu yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ, mo jẹ́ kí ó máa bọ́ lọ́wọ́ mi díẹ̀díẹ̀ kí n lè mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń kọjú sí, bí Ìyá mi ṣe máa ń ṣe. Mo da eérú sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo kó yanrìn jọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Láoyè dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ lérí. Àwọn ọmọ ilé tò sẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tó ń wo òkú ọ̀nà.

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Bísí, ló jáde wá, ó ti so ìró mọ́dìí. Ó ní, “Ọkọ mi àgbà, ẹ jẹ́ kí n bá yín ro ó. Èmi kì í ṣe ọmọ ilé yìí, èèwọ̀ yín ò mọ̀ mí rí.”

Láoyè ní, “Ìwọ obìnrin yìí!”

Ó ní, “Bàbá Bísí, nígbà tí ẹ fẹ́ mi, òkété nìkan lẹ sọ.”

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n agbada ti gbóná. Mo da kajú sí i. Mo mú igi gígùn, mo ń rò ó. Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Nígbà tó yá, oje bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ó ń hó ṣìnìnì, èéfín dúdú dìde, iná sì gbá a mú lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọmọ ké. Mo fa ẹ̀yìn, mo dúró sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, mo sì ń rò ó lọ. Mo kàn ń sọ nínú mi pé, Bàbá, ìta gbangba ni mo wà o.

Lójijì ni afẹ́fẹ́ yí. Kò sọ fún mi. Èéfín náà bò mí mọ́lẹ̀, ojú mi ta, omi dà lójú mi bí òjò, mo dì í pa. Ìyá Bísí já igi gbà lọ́wọ́ mi, ó fi ọwọ́ kejì fà mí sẹ́yìn. Mo gbọ́ ohùn Láoyè: “Ó tán! Mo sọ ọ́! Ẹ gbé omi wá! Háà, Ẹ̀gbọ́n mi!” Ó ń sunkún, Bàbá. Àgbàlagbà ọkùnrin yẹn ń sunkún. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe agídí ló ń ṣe é láti ìgbà yìí. Ẹ̀rù tó bà yín lọ́jọ́ kìn-ín-ní ni ó jogún, kò sì sí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n bu omi sí mi lójú. Mo la ojú, gbogbo nǹkan ń mì. Láoyè ti dúró níwájú mi, ó na ìka sókè.

“Ẹ̀gbọ́n, mélòó nìyí? Ẹ rí mi? Mélòó nìyí?”

Mo ní, “Sọ ọwọ́ yẹn kalẹ̀. Dúró tààrà.”

Ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀wù oko rẹ̀ ni ó wọ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí a tẹ̀ nígbà ìsìnkú yín, ó ti ṣá, ó ti ya ní ọrùn. Mo tẹjú mọ́ àyà rẹ̀. Mo rọra ń kà á sókè, bí wọ́n ṣe ń kọ́ wa, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn: “Sùn. Re. O. Bàbá. Wa.” Mo wá ka orúkọ yín tó wà lábẹ́ rẹ̀, orúkọ àbísọ yín, lẹ́yìn náà orúkọ bàbá yín.

Bàbá, ọjọ́ tí a sin yín, mo wọ irú ẹ̀wù yẹn láti àárọ̀, mo fi sunkún, mo fi jó, n kò sì mọ ohun tí wọ́n kọ sí mi láyà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kà á nìyẹn, omi èéfín ṣì ń dà lójú mi. Àbí omi mìíràn ni? Mi ò mọ̀.

Láoyè tẹ orí ba, ó ń wo àyà ara rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀.

Ìyá Bísí ti da kajú náà sínú yanrìn, ó bu yanrìn bò ó, iná ti kú. Nígbà tí ó tutù, a fi eérú ra ọwọ́, a fi òkúta fọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan, a bó awọ pupa rẹ̀ kúrò. Mo fi ọ̀kan sẹ́nu.

Mo ti lè kọ apá kejì ìwé mi báyìí. Kajú yíyan a máa ké lẹ́nu. Adùn rẹ̀ kì í dúró kí ẹ wá a, bí ẹ bá ti fi eyín kàn án ló ti dé, òórùn iná wà nínú rẹ̀, àti òórùn ẹ̀ẹ̀rùn, àti nǹkan kan tó dà bíi kíkorò díẹ̀ ní ìparí, tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ kúrò nínú àwo. Mi ò ní purọ́ mọ́ funfun ti Rónkẹ́. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ sè é mọ́ ọbẹ̀, àti ẹni tí kò léyín mọ́. Ṣùgbọ́n èmi ní eyín díẹ̀ tó kù, yíyan ni n ó fi wọ́n jẹ.

Láoyè kò fẹ́ jẹ ẹ́. Ó kọ́kọ́ gbé e sí imú. Ó fi sẹ́nu, ó rún un pẹ́. Ó ní, “Ó jóná díẹ̀.” Ó mú òmíràn. Ó ní, “Èyí náà jóná.” Ó tún mú òmíràn.

Ìyá Bísí ní, “Bàbá Bísí, ṣé kí n wá èyí tí kò jóná fún yín ni, àbí kí n kàn gbé àwo fún yín?”

Lẹ́yìn náà ni Láoyè fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó kúnlẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní asunèédú yẹn ti fún òun lówó igi sílẹ̀, òun sì ti ná an sí ìgbéyàwó Bísí. Ó ní ọkùnrin náà máa dé pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgégi rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kò sì sí ohun tí òun lè fi dá a padà. Mo wò ó. Mo rò pé n ó pariwo, ariwo náà kò wá. Mo ní kí ó dìde kúrò nínú eérú.

Bàbá, ohun tí mo ṣe nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Mi ò ju ọ̀rọ̀ yín nù. Mo tún un sọ ni, bí mo ṣe gbà pé ẹ̀yin náà ìbá tún un sọ ká ní ẹnì kan bi yín. Mo pe gbogbo ilé jọ, mo ní: nínú ilé yìí, a kò gbọdọ̀ yan kajú lábẹ́ òrùlé, a kò sì gbọdọ̀ yan án nígbà tí òjò bá ṣú. Ẹni tí ó bá pọn ọmọ, kí ó sọ ọ́ kalẹ̀ kó tó dé ìdí ààrò. Ó parí. Kò sí ojú fífọ́ níbẹ̀, kò sí òkété níbẹ̀. Láoyè ní òun fúnra òun ni yóò lọ bá àwọn àna ní Mọ́níyà, kí ó lọ kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ìyá Bísí sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìgò.

Ṣé mo ṣe é dáadáa? Ṣé Ìyá mi wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, ẹ sì ti bá ara yín sọ ọ́? Bí afẹ́fẹ́ bá ń gbé òórùn dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má yí ojú sẹ́yìn mọ́.

Àwọn igi náà ṣì dúró. Wọn yóò sì máa dúró. Mo ti gba owó àjọ mi, èyí tí mo fẹ́ fi ra aṣọ ọdún, mo sì ti ní kí Rónkẹ́ bá mi fi ránṣẹ́ sí Láoyè lórí fóònù lónìí, kí ó dá a padà fún asunèédú lójú ẹlẹ́rìí, kí ọkùnrin náà gbé ẹ̀rọ rẹ̀ gba ibòmíràn lọ. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà.

Èmi ni,
ọmọ yín àgbà, tí ìfẹ́ yín kò dín lọ́kàn rẹ̀.